Ta Ló So Agbòjò Omi Síwájú?

Bàtà méjì ló wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n tú okùn wọn, bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Ẹni tó ni bàtà ni wọn ò rí.

Inspẹ́kítọ̀ Adétóun dúró sétí omi, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ọkọ̀ náà bí ìwé tí wọ́n fi èdè àjèjì kọ. Ọdún kẹtàdínlógún rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó ti mú adigunjalè, ó ti mú ajínigbé, ó sì ti jẹ́ kí ọkùnrin kan jẹ́wọ́ nípa bíbéèrè ohun tó jẹ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe tirẹ̀. Ìpẹ̀rú ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, omi tó jìn jù tó tíì wọ̀ rí kò kọjá ti inú báàfù.

"Tún un sọ fún mi," ó wí fún Kọ́pùrà Ọládàpọ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Láàárọ̀ àná tó jẹ́ Sátidé ni, mà. Ẹnjiníà Adétúnbọ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, kúrò nílé ní Ìkẹ́nnẹ́ ní aago mẹ́fà. Wọ́n dá gbé ọkọ̀ jáde láti pẹja. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, àwọn obìnrin tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ létí omi níhà àríwá lọ́hùn-ún rí ọkọ̀ nínú koríko esùsú. Ọ̀pá ìwọ̀ wà níbẹ̀, àpótí ìwọ̀ wà níbẹ̀, bàtà náà wà níbẹ̀. Àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wakọ̀ ni ò sí. Àwọn òmùwẹ̀ ti ń wá òkú láti àná, wọn ò rí nǹkan kan."

Dáàmù ni àwọn ará Àkàká, ìlú tó wà létí omi náà, ń pe adágún ńlá yìí. Láti nǹkan bí ogójì ọdún ni wọ́n ti fi ògiri kọnkéré dí odò ibẹ̀, omi sì bo oko àti ọ̀nà oko mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ a máa ní Dáàmù ló dààmú àwọn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, Adétóun gbà fún wọn.

Ọgbọ̀n ọdún ni Ẹnjiníà fi ṣiṣẹ́ ní Skọ́tíláńdì kó tó padà wálé, irú ẹja pípa kan ló sì mú bọ̀. Kì í lo ekòló. Ìyẹ́ adìyẹ àti òwú ló máa ń wé mọ́ ìwọ̀ kékeré títí yóò fi jọ kòkòrò, kí ẹja lè rò pé eṣinṣin ló bà sórí omi. Kòkòrò ìyẹ́ ló ń pè é. Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe rí nínú ọkọ̀. Ẹja tí wọ́n bá sì mú tán, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń dá padà sódò. Àwọn ará Àkàká ti wo èyí títí, wọ́n gbà pé ìwé àkàjù ló fà á.

Ọládàpọ̀ fa okùn kan lára ọkọ̀. Aṣọ fífẹ̀ kan jáde nínú omi, ó rí bí agbòjò tí kò ní irin.

"Kí lèyí?"

"Agbòjò omi ni wọ́n ń pè é, mà. Ó máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e sáré."

Adétóun wo ibi tí wọ́n so okùn náà mọ́. Ẹ̀gbẹ́ tí apẹja kọjú sí tó bá jókòó ni. Kò mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló yẹ kó wà tàbí ibòmíràn. Ó yà á ní fọ́tò.

*

Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá wọn ní Ṣàgámù ti rí ẹni mú ní tirẹ̀. Lìádì, ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó ń tọ́jú ọkọ̀ létí Dáàmù, ti wà ní àtìmọ́lé láti ọ̀sán Sátidé. Èèyàn mẹ́ta ló gbọ́ nígbà tó ń pariwo mọ́ Ẹnjiníà lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé, "Ẹ ó kú sínú omi yìí!"

Adétóun ní kí wọ́n mú un wá.

"Ẹ sọ ọ́ àbí ẹ ò sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́, mà."

"Kí ló dé?"

"Mo ní kí wọ́n má dá gbé ọkọ̀ mọ́."

"Nítorí kí ni?"

Lìádì wolẹ̀. "Wọ́n ti dàgbà, mà."

"Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́ja pípa lẹ ń pè ní arúgbó?"

Adétóun mọ àwọn òpùrọ́, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ọkùnrin yìí ò purọ́. Ńṣe ló ti ẹnu bí ilẹ̀kùn, tó sì fẹ̀yìn tì í.

Ó na fọ́ònù rẹ̀ sí i. "Ẹ wo fọ́tò yìí. Ṣé ibi tó yẹ kí agbòjò omi wà nìyí?"

Lìádì wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. "Iwájú kẹ̀? Kò lè rí bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ̀yìn ni, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ẹni tó bá lo ọjọ́ kan péré lórí omi ò ní so ó síwájú."

"Ta ló wá so ó síbẹ̀?"

Lìádì dá fọ́ònù náà padà, ó yíjú sí ògiri.

*

Nílé Ẹnjiníà ní Ìkẹ́nnẹ́, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó rẹ̀, Ìyáàfin Àtinúkẹ́, gbé omi tútù fún Adétóun. Tíṣà ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ìdáhùn rẹ̀ sì ń jáde wéréwéré bí àkọ́sórí.

"Ẹ kú ìdúró, Mọ́mì. Ṣé ara Dádì yá tẹ́lẹ̀?"

"Ara wọn le koko."

"Ṣé nǹkan kan ń dùn wọ́n lọ́kàn?"

"Rárá o."

"Kí ni wọ́n sọ kẹ́yìn kí wọ́n tó jáde?"

Ìdáhùn yìí ni ò yá. Ìyá náà tún ìró rẹ̀ ró. "Wọ́n ní ó dàbọ̀."

Adétóun ní òun fẹ́ dá ife padà sí kíṣìnì fúnra òun. Lára fíríìjì, lára kọ́bọ́ọ̀dù, lára agolo iyọ̀, ó rí ojú gọ́ọ̀mù kéékèèké onígun mẹ́rin níbi tí wọ́n ti ṣí pépà kúrò. Ṣíṣí náà kò tíì pẹ́. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ta ló ń lẹ pépà mọ́ agolo iyọ̀? Kò yé e. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí, kò tún yé e síbẹ̀.

*

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá Ẹnjiníà jáde kẹ́yìn ni Kareemat, aránṣọ ní Ṣàgámù. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta péré ló tíì gbà. Adétóun bá a níbi tó ti ń fi ẹnu já òwú.

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti Ẹnjiníà jà."

"Mi ò jà o, mà. Àwọn ló bá mi jà. Mo so kòkòrò ìyẹ́ mọ́ okùn bó ṣe wà nínú fídíò tí wọ́n fúnra wọn ṣe fún wa. Wọ́n ní kò dáa, wọ́n tú u. Mo tún un so, wọ́n tún tú u. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún! Wọ́n wá so tiwọn, mo ju okùn, kòkòrò bọ́ sómi. Wọ́n ní èmi ni mo bà á jẹ́. Mo sunkún délé."

Adétóun yọ okùn tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ jáde látinú ọ̀rá. Kareemat gbé kókó orí okùn náà súnmọ́ ojú.

"Ta ló so èyí? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ gan-an ò lè so ìsokúso báyìí."

"Níbo lẹ wà láàárọ̀ Sátidé?"

"Ọmọ mi ń gbóná, ilé ìwòsàn la sùn mọ́jú Sátidé." Ó mú káàdì jáde. Òótọ́ ni, nọ́ọ̀sì ti kọ aago síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Adétóun padà sínú mọ́tò, ó jókòó fún ìgbà díẹ̀ láìfọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Bí Ẹnjiníà bá ṣubú sómi fúnra rẹ̀, ta ló to bàtà? Bí wọ́n bá pa á, tí apani fẹ́ kó jọ pé ó ń pẹja lọ́wọ́, apani náà kò mọ agbòjò omi, kò mọ kókó. Lìádì mọ méjèèjì dáadáa. Kareemat ò mọ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀. Ó ku ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹni yẹn kò sì sí nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un.

"Mà," Ọládàpọ̀ wí, "orí ń fọ́ mi."

"Tèmi ti fọ́ láti àárọ̀."

*

Lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀gá àgọ́ ní òun yóò gbé Lìádì lọ sílé ẹjọ́ lọ́la. Adétóun bẹ̀ ẹ́ kó yá òun ní ọkùnrin náà fún wákàtí mẹ́ta. Ó mú Lìádì jáde ní àtìmọ́lé, ó gbé e lọ sí Dáàmù, ó fi àpótí ìwọ̀ Ẹnjiníà sínú ọkọ̀, ó sì wọ jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó títí dé àgbọ̀n. Ọládàpọ̀ dúró létí omi, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń sin òkú.

"Ẹ kọ́ mi," Adétóun wí fún Lìádì. "Bí ẹ ṣe máa kọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan."

"Ẹ jókòó, mà. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn. A kì í dìde nínú ọkọ̀ yìí."

"Dìde kẹ̀? Ta ló gbà á rò?"

Wọ́n dé àárín omi. Afẹ́fẹ́ ń ti gúúsù bọ̀, ó ń tì wọ́n lọ síhà àríwá. Lìádì ò tíì sọ̀rọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbé agbòjò omi, tó so ó sẹ́yìn wọn, tó jù ú sómi. Aṣọ náà la bí òdòdó, okùn le, ọkọ̀ sì rọra ń lọ bí àgbàlagbà tó ń rìn lọ sí ìsìn.

"Ẹ kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kó lè máa bá yín gbé okùn lọ síwájú. Kòkòrò ìyẹ́ ò wúwo, a kì í sọ ọ́ bí òkò. Okùn lẹ ó jù, kòkòrò á tẹ̀ lé e. Ẹ gbé ọ̀pá sókè títí dé ọ̀kánkán etí. Ẹ dúró díẹ̀ kí okùn nà tán lẹ́yìn. Ẹ wá tì í síwájú bí ẹni ń kan ìṣó."

Ìwọ̀ kọ́kọ́ gbé fìlà Adétóun. Lẹ́ẹ̀kejì, okùn wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí ìtàkùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, okùn tú jáde gbọọrọ, kòkòrò náà sì bà sórí omi láìdún. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú tì í.

"Ó dáa. Ẹ wá so agbòjò yẹn síwájú."

"Mà, kò dáa bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ so ó."

Lìádì so ó. Afẹ́fẹ́ ti ọkọ̀ gun orí aṣọ náà, okùn wọ abẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí mì. Adétóun di pákó mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Ẹ dá a padà! Ẹ dá a padà sẹ́yìn!"

Nígbà tí ọkọ̀ dúró, òun náà mí. "Kì í ṣe ẹ̀yin," ó wí. "Ọwọ́ yín ti mọ ẹ̀yìn jù. Ẹ ò lè ṣì í ṣe, kódà kí ẹ̀rù máa bà yín."

Ó ṣí àpótí ìwọ̀. Ojú ilé kéékèèké wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ oṣù sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti Oṣù Kìíní títí dé Oṣù Keje tí wọ́n wà nínú rẹ̀.

"Ta ló ń ṣe àwọn kòkòrò yìí?"

"Ẹnjiníà fúnra wọn. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpótí yẹn."

Ti Oṣù Kìíní dára débi pé Adétóun fẹ́ fọwọ́ lé e dànù. Ìyẹ́ méjèèjì dọ́gba, òwú pupa rẹ̀ tò bí ìlà ìwé. Ti Oṣù Kẹrin, òwú ti gun ara wọn. Ti Oṣù Kẹfà, ìyẹ́ ti bo ẹnu ìwọ̀, kò lè mú ẹja kankan. Nínú ilé Oṣù Keje, ìyẹ́ adìyẹ kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fi òwú pupa wé yíká yíká. Kò sí ìwọ̀ nínú rẹ̀.

Adétóun gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó pẹ́.

Ìwé kan wà nísàlẹ̀ àpótí, ìwé tí Ọládàpọ̀ ti ṣí ojú ewé kìíní rẹ̀, tó ní ẹ̀kọ́ lásán ni. *Fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ*, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ kún fún àlàyé nípa afẹ́fẹ́ àti ibi tí ẹja ẹpìà máa ń wà. Níwájú, ẹ̀kọ́ kan náà tún bẹ̀rẹ̀, ó kúrú sí i. Ó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́tà rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Adétóun ka ojú ewé ìkẹyìn sókè:

"Jókòó. Má dìde. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ọkọ̀ ni Lìádì. Èèyàn dáadáa ni. Ilé rẹ wà ní Ìkẹ́nnẹ́, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Àtinúkẹ́ ni ìyàwó rẹ."

Omi ń gbá ara ọkọ̀ pẹ́pẹ́. Lìádì ti bojú.

"Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí a ó máa kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ fún," Adétóun wí jẹ́jẹ́. "Ara rẹ̀ ni Ẹnjiníà ń kọ̀wé sí. Mo ti ń wá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe kiri. Ẹnjiníà ló so agbòjò síwájú. Ó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, ó ti ń gbàgbé ni."

"Ọjọ́ kan ni wọ́n ń yí ọkọ̀ po lójú mi," Lìádì wí. "Ọ̀sán gangan, wọn ò rí ibi tí wọ́n ti gbéra. Ọjọ́ yẹn ni mo pariwo. Mọ́mì wá bẹ̀ mí, wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo búra."

"Ẹ wá gbà kí wọ́n tì yín mọ́lé?"

"Mo rò pé wọ́n ti kú, mà. Kí ni n ó tún máa ba orúkọ òkú jẹ́ sí?"

Adétóun gbójú sókè. Ó wo esùsú ìhà àríwá, ó wo àjẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Lìádì.

"Ṣé àjẹ̀ máa ń rì?"

"Igi ni, mà. Kì í rì."

"Afẹ́fẹ́ tó gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ì bá gbé àjẹ̀ náà lọ síbẹ̀. Wọn ò rí i. Ẹnìkan ló mú un dání lọ." Ó na ọwọ́ sí esùsú náà. "Ẹni tó ń rì kì í tú okùn bàtà. Ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ gòkè ló ń bọ́ bàtà. Bọ̀dá Lìádì, ẹ wa ọkọ̀ padà! Inú omi la ti ń wá ẹni tó wà lórí ilẹ̀!"

*

Ìyáàfin Àtinúkẹ́ rí Lìádì lẹ́yìn Inspẹ́kítọ̀, ó sì mọ̀ pé ó ti tán. Ó jókòó sórí àpótí kékeré ní kíṣìnì.

"Ẹ̀yin lẹ ṣí àwọn pépà yẹn kúrò kí ọlọ́pàá tó dé," Adétóun wí. "Orúkọ nǹkan ló wà lára wọn, kí Dádì má bàa gbàgbé. *Iyọ̀. Ṣúgà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.*"

"Gbogbo ìlú ló mọ ọkọ mi sí ọlọ́gbọ́n," ìyá náà wí. "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí ẹ̀yin ọlọ́pàá wá ní wọ́n ti kú, mo ní kí ẹ kúkú sin wọ́n pẹ̀lú iyì wọn."

"Ọkùnrin yìí sì wà ní àtìmọ́lé fún ọjọ́ méjì nítorí iyì yẹn."

Ìyá náà dìde, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Lìádì sáré gbá a mú lápá. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí Dádì wí kí wọ́n tó jáde ni kí ẹ sọ fún Inspẹ́kítọ̀."

Ìyá náà tún jókòó. "Wọ́n ní àwọn ń lọ pàdé ìyá àwọn lọ́nà oko. Ìyá wọn ti kú láti ọdún mẹ́rìndínlógójì. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo yíjú sídìí ààrò, wọ́n ti lọ."

"Níbo ni oko ìyá wọn wà?"

"Omi ti bò ó. Abẹ́ Dáàmù ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìpara ni ìyá wọn, ibẹ̀ ni ọ̀nà oko náà máa ń já sí."

*

Ní Ìpara, níbi tí wọ́n ti ń fún epo lẹ́yìn ìlú, ìyá arúgbó kan na ọwọ́ sí abẹ́ igi obì kí wọ́n tó béèrè.

"Ẹ̀yin lẹ ni bàbá yìí? Láti ọ̀sán Sátidé ló ti dé, láìwọ bàtà, tó fi igi ọkọ̀ tilẹ̀. Ó ń bi wá léèrè agbo ilé kan tó ti wó kí wọ́n tó bí àkọ́bí mi. A ti sọ láàfin, wọ́n ní ká máa bọ́ ọ títí ẹni tó ni ín á fi wá."

Ẹnjiníà Adétúnbọ̀ jókòó lórí àga pákó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, wọ́n ti fi òrí pa á. Ó ń bá àwọn tó ń pa ẹyìn sọ̀rọ̀ ní ògidì èdè Rẹ́mọ, irú èyí tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra. Lìádì dọ̀bálẹ̀ fún un nínú iyẹ̀pẹ̀. Ẹnjiníà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí èèyàn ṣe ń kí àlejò.

Adétóun dúró lẹ́yìn. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí òun yóò kọ sí i. Kò sí òkú, kò sí apani, síbẹ̀ ó ṣe é bíi pé wọ́n jí nǹkan ńlá lọ, kò sì sí ẹni tó lè mú fún un.

Ìyáàfin Àtinúkẹ́ lọ kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. Ẹnjiníà wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀, gbogbo wọn sì ń bá a wá a.

"Ìyáàfin," ó wí níkẹyìn, "ẹ má bínú pé mo ń da iṣẹ́ yín rú. Ilé ìyàwó mi ni mò ń wá. Ọ̀nà ló dà rú mọ́ mi lójú. Ó máa ti máa wá mi."

Ìyá náà fi etí ìró nu ojú, ó dìde, ó sì na ọwọ́ sí i.

"Ó ń wá yín, sà," ó wí. "Mo mọ ilé náà. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ."